Àkàrà Tí Àbẹ̀kẹ́ Kò Jẹ

Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́ Òpó, ọmọ Òpómúléró, ọmọ aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ọmọ Lásísì Àkànní aránfìlà, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe orí ọlọ́lá lọ́ṣọ̀ọ́. Ọmọ Ràbíátù Àṣàkẹ́, ìyá olówùú ní Ọjà'ba. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, sùn un re o. Èmi àbúrò rẹ ló ń pè ọ́. Ẹkún mi ti gbẹ, ìbínú ló kù, ìbínú náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí sí àwọn ọmọ wa. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ kó fi orí jì mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní àṣìṣe nínú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, agbo ilé wa ní Bẹyẹrunka kún bí agbọ̀n erèé. Mo ṣì lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó ń sùn níbẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ìdí kànga, ọ̀pọ̀ wọn ni mo ti rí nígbà tí wọ́n ń wọ káà ilẹ̀ lọ. Bàbá wa ń rán fìlà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìyá wa ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní Ọjà'ba. Bàbá Búsàrí Àjàní, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni olórí ilé. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀, abẹ ti gé e. Bàbá wa kì í dá a lóhùn, àfi kó tẹ orí ba mọ́ fìlà ọwọ́ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó ka ìwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù nílé wa. Ọjọ́ tí èsì ìdánwò rẹ̀ jáde, wọ́n pa àgbò. Bàbá Búsàrí dì í lọ́wọ́ mú, ó ń mú un kiri láti yàrá dé yàrá. "Ọmọ wa ti kàwé tán! Ẹ bá wa yọ̀, ó ti kàwé tán!" Àbẹ̀kẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn: tán. Òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn àgbò ni Àbẹ̀kẹ́ wá kúnlẹ̀ síwájú àwọn bàbá wa, ó ní wọ́n ti mú òun fún síìsì fọ́ọ̀mù. Ọdún méjì sí i, lówà síìsì kan, ọ́pà síìsì kan. Ó ní iṣẹ́ àwọn tó ń po oògùn òyìnbó ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà débẹ̀.

Ilé dàrú. "A ti pa àgbò, ó tún ń padà lọ! Ṣé lásán ni àgbò yẹn kú ni?" Báyìí ni wọ́n ń sọ ní ìdí kànga. Lójú tiwọn, ẹni tó bá kúrò ní kíláàsì tó kẹ́yìn, tó tún padà sí ilé ìwé kan náà, tó tún wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà, ó ti fìdí rẹmi ni, ó ń tún kíláàsì ṣe. Kò sí àlàyé tí Àbẹ̀kẹ́ ṣe tó wọ̀ wọ́n létí. Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé iṣẹ́ mẹ́jọ ló ń kọ́ ní kíláàsì tẹ́lẹ̀, mẹ́ta péré ló kù tó fẹ́ máa kọ́ báyìí, Bàbá Búsàrí rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹni tó ń ru iṣu mẹ́jọ lọ sọ́jà lánàá," ó ní, "tó wá ń ru mẹ́ta lónìí, ẹ bá mi wò ó, ṣé ajé ló ń bú rẹ́kẹ́ fún un ni, àbí agbára ló ń tán?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọmọdé ni mí, mo ṣáà rí i tí àgbà ń rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ṣáà wọ síìsì fọ́ọ̀mù náà, nítorí ìyá wa fi orí ẹkún bẹ bàbá wa. Ṣùgbọ́n wíwọ ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́, níní ibi tí a ó ti kàwé ni iṣẹ́. Nílé wa, ẹni tó bá ń gúnyán, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń kàwé, ó jókòó lásán ni. "Àbẹ̀kẹ́, nígbà tí o jókòó yìí, lọ bá mi pọnmi." "Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ dilẹ̀, gba ọmọ yìí pọ̀n." Bó bá gbé ìwé lọ sórí àtẹ̀gùn Mápó, wọ́n á ní ó lọ ń pàdé ọkùnrin. Ìyá wa ló gbà á sílẹ̀. Ó kó agbọ̀n òwú jọ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà'ba, ó fi àpótí kan síbẹ̀, ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ máa jókòó sẹ́yìn agbọ̀n náà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, ìyá wa á ní, "Ó ń bá mi yan òwú." Ìyá wa kò mọ A yàtọ̀ sí igi àgéré, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ tó ń kàwé nílò ibi tí wọn kò ti ní rí i rán níṣẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó wọ ọ́pà síìsì ni tíṣà rẹ̀, Mísìsì Ọdẹ́yalé, ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Ohun méjì ló ń gbé òbí dé ilé ìwé: kí ọmọ jalè, tàbí kí ó lóyún. Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n bi Àbẹ̀kẹ́ léèrè títí, ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, èyí tó tún wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dà bí oyún sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Búsàrí kó ìpẹ̀ jọ: òun, bàbá wa, ìyá wa, àti àgbà méjì láti inú ilé. Agbádá ni gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀. Èmi ni mo gbé àpò obì tẹ̀ lé wọn. A fẹsẹ̀ rìn gba Mápó títí a fi dé apá Òkè-Àdó níbi tí ilé ìwé náà wà.

Mísìsì Ọdẹ́yalé kò tíì kí wa tán tí Bàbá Búsàrí fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn àgbà méjì náà dọ̀bálẹ̀, agbádá kún gbogbo ilẹ̀ ọ́fíìsì náà. Ìyá wa kúnlẹ̀.

"Ẹ bá wa fi orí jì í," ni Bàbá Búsàrí wí láti ilẹ̀. "Ọmọdé ló ṣe é. Ohunkóhun tó bá jẹ́, àwa la ṣẹ̀ yín."

Mísìsì Ọdẹ́yalé fò dìde. "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá mi! Ẹ̀ṣẹ̀ wo?"

"Èyí tó ṣẹ̀ yín ni."

"Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni o!"

"Ẹ má bò ó mọ́ wa lójú, ìyáàfin. Ẹ sọ ọ́ fún wa. A gbé obì wá."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà láti dìde. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé àga fún wọn. Ó wá sọ ohun tó torí rẹ̀ pè wọ́n: ó ní Àbẹ̀kẹ́ ní orí pípé, ṣùgbọ́n ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó dé kíláàsì, òun sì fẹ́ kí ilé mọ ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Ó ní kì í ṣe kíláàsì ló ń tún ṣe. Ó bi wọ́n pé bí ènìyàn bá gbẹ́ kànga mẹ́jọ, tí gbogbo wọn kò jìn ju orúnkún lọ, ṣé yóò rí omi pọn? Wọ́n ní rárá. Ó ní ó dáa, kànga mẹ́jọ náà ni Àbẹ̀kẹ́ gbẹ́ dé fọ́ọ̀mù fáìfù. Ní báyìí, ó ti yan mẹ́ta nínú wọn, ó sì ń gbẹ́ wọn lọ sí ìsàlẹ̀ títí yóò fi kan omi. Ó ní ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ mẹ́ta fi le ju mẹ́jọ lọ.

Ìyá wa mí kanlẹ̀. Mo rí i. Ó yé e.

Tíṣà náà wá sọ gbólóhùn tí mo ti gbé kiri láti ìgbà náà títí di òní. Ó ní, "Ẹ ò nílò láti mọ̀wé kí ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Ẹ ṣáà máa bi í pé ọjọ́ wo ni ìdánwò rẹ̀, aago mélòó ló máa bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹ má rán an níṣẹ́ kankan, ohun yòówù kó dé. Ìdánwò yìí kò ní ìjókòó kejì. Ẹni tí ọjọ́ náà bá kọjá lórí rẹ̀, ọdún náà ti kọjá lórí rẹ̀ nìyẹn."

"A ti gbọ́," ni Bàbá Búsàrí wí.

A kò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà tó fi bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin yẹn mọ̀rọ̀ sọ o. Ṣé ẹ kíyè sí i? Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí i padà pé ọmọ náà ń tún kíláàsì ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní kànga ni," bàbá wa rọra wí.

"Kànga wo? Ṣé kò sí kànga nílé wa ni?"

Wọ́n sì rẹ́rìn-ín délé. Tíṣà pè wọ́n, ó gbé àga fún wọn, ó fi ọ̀rọ̀ wé ohun tí wọ́n mọ̀ fún wọn, ohun kan ṣoṣo ló sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́. Wọ́n gbọ́. Wọn kò kà á sí ni.

Ọ́pà síìsì tán, ìdánwò dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ lọ kọ Kẹ́mísírì, ìyá àwọn bàbá wa papòdà. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ó rí ọmọ, ó rí ọmọ ọmọ, kò sí ẹni tó sunkún púpọ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá kú, àwọn ọmọbìnrin ilé ló máa dín àkàrà, a ó sì gbé e ká àdúgbò kí àwọn èèyàn lè jẹ nínú ẹ̀mí gígùn rẹ̀. Àwọn ààfáà wa ń wí pé kò sí nínú ẹ̀sìn. Àwọn náà kì í sì í kọ̀ ọ́ bí a bá gbé e dé iwájú wọn. Oòrùn kò tíì yọ tí wọ́n ti rẹ erèé.

Àbẹ̀kẹ́ jáde láti inú yàrá nínú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó gbé ìkọ̀wé lọ́wọ́. Bàbá Búsàrí dúró ní ẹnu ọ̀nà.

"Níbo?"

"Ìdánwò ni, bàbá."

"Ìdánwò wo? Ìwọ tí o ti ṣe ìdánwò tí a pa àgbò lé lórí. Ìyá bàbá rẹ ló wà nílẹ̀ yìí."

"Òní ni Kẹ́mísírì, bàbá. Aago mẹ́sàn-án."

"Kí wọ́n sún un fún ọ. Ìdánwò ṣeé sún, òkú kò ṣeé sún."

Àbẹ̀kẹ́ yíjú sí bàbá wa. Bàbá wa tẹ orí ba mọ́ fìlà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Ìyá wa ló gbìyànjú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, tíṣà yẹn sọ fún wa pé..."

"Àṣàkẹ́," ni Bàbá Búsàrí wí, "ṣé òkú ìyá ọkọ rẹ lo fẹ́ sá fún?"

Kí ni ìyàwó ilé máa fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìbéèrè, okùn ni, ọrùn ìyá wa ló sì so ó mọ́. Àbẹ̀kẹ́ padà sínú yàrá, ó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, ó ró ìró, ó jáde wá síbi ọlọ. Ó ń lọ erèé, omijé ń bọ́ sínú rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní kó ṣọ́ra, kí iyọ̀ má pọ̀ jù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo gbé àkàrà náà ká. Mo gbé e dé Pópó Yemọja, mo gbé e gòkè lọ sí Òkè Padre. Àwọn èèyàn ń gbà á, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná, wọ́n ń ṣàdúrà: "Àwa náà á dàgbà, a á darúgbó." Gbogbo àdúrà yẹn ń lọ sórí ẹni tó ti lo ayé rẹ̀ tán. Ẹni tí ayé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ jókòó sídìí iná, ó ń dá àkàrà sépo.

Ẹ má tíì bínú tán, ó ṣì kù. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹta tán, Bàbá Búsàrí àti bàbá wa wọ agbádá, wọ́n kọrí sí Òkè-Àdó. Ohun tí wọ́n lọ sọ fún Mísìsì Ọdẹ́yalé ni pé, "A ti sin òkú wa tán, a dúpẹ́. Ẹ lè wá ṣe ìdánwò náà fún un báyìí." Lóòótọ́ ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò ṣẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún ìgbéyàwó síwájú nítorí òkú ni wọ́n rò pé wọ́n ń sún ìdánwò. Bàbá wa ló sọ fún ìyá wa nígbà tí wọ́n dé. Ó ní tíṣà náà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bóyá ì bá sàn kó bú wọn.

Èsì jáde, kànga kan kò kan omi, yunifásítì kò gbà á. Bàbá Búsàrí ní, "Ṣé mo wí? Ó tún kíláàsì ṣe, kò tún yege." Mo wà níbẹ̀. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní kò ní sí ọdún mìíràn fún un. Wọ́n fún un lọ́kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá wa ta òwú, nígbà tí ìyá wa sì kú, òun ló jókòó sórí àpótí náà, lẹ́yìn àwọn agbọ̀n òwú kan náà, títí ó fi darúgbó. Láti ọjọ́ tí mo ń wí yìí, n kò rí Àbẹ̀kẹ́ kó fi àkàrà kan ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wá, yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò sì gbé e fún ẹlòmíràn. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọkọ, kò sọ fún ọmọ. Èmi nìkan ló mọ̀.

Ọlọ́run fún un ní ọmọ, Kàmọ́rù, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Kàmọ́rù bí Hábíbà. Nígbà tí ọkọ Àbẹ̀kẹ́ kú, ó padà sí agbo ilé wa, ó mú Hábíbà sọ́dọ̀, inú yàrá rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn. Nígbà tí ọmọ náà jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, tí wọ́n ní kó lọ ṣe éè-lẹ́fẹ̀lì, síìsì fọ́ọ̀mù ayé ìsinsìnyí, kó tó wọ yunifásítì, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ, bàbá tó wọ ilé ìwé, tó ń wọ ṣòkòtò jíǹsì: "Ṣé kò tíì jáde sẹ́kọ́ńdírì ni? Ọdún wo ló tún fẹ́ lọ fi ṣòfò?" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Iṣẹ́ mẹ́ta péré! Kí ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Kó wá jókòó ti ọjà fún mi."

Mo wo ojú Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó rọra ṣàlàyé fún wọn, ó fi kànga ṣe é, bí tíṣà ṣe fi ṣe é. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbọ́ láyé ọjọ́sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ máa ń sọ pé ayé ti yí padà, ẹ máa ń sọ pé ojú àwọn bàbá wa kò là. Kí ló yí padà? Nígbà náà, ìpẹ̀ àgbà ní láti rìn láti Bẹyẹrunka dé Òkè-Àdó kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ń kọ́. Lónìí, orí fóònù yín ni ilé ìwé ń fi ọjọ́ ìdánwò ránṣẹ́ sí. Ó wà lórí fóònù Kàmọ́rù, lábẹ́ àwòrán mọ́tò àti fídíò ẹlẹ́fẹ̀, kò ṣí i wò. Àwọn bàbá wa kò mọ̀wé kà, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà ẹ kọ̀ láti kà á. Èwo ló burú jù? Ọmọ ń jókòó ti ìwé, ẹ ní ọ̀lẹ ni. Ó ń ronú, ẹ ní ó ń ro ọkùnrin. Ó ní orí ń fọ́ òun, ẹ ní kó lọ pọnmi. Bó bá wá fìdí rẹmi, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sunkún owó ilé ìwé. Ẹ ò lè kọ́ ọ ní Kẹ́mísírì, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí ẹ kọ́ ọ. Ọjọ́ wo? Aago mélòó? Ṣé ìyẹn náà wúwo jù fún ahọ́n yín ni?

Àbẹ̀kẹ́ kú ní àsùbáà, ó ku díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́. Kò ṣàìsàn pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló lọ aṣọ funfun tí Hábíbà máa wọ̀ lọ síbi ìdánwò, ó fi kọ́ sára ìṣó. Ẹ lè ní irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú agbo ilé tó kún tó tiwa, òkú àti ìdánwò kò lè ṣàìpàdé. Ohun tí a bá ṣe nígbà tí wọ́n bá pàdé ló kù sí wa lọ́wọ́.

Kí n tó nu ojú mi tán, ìyá Ràṣídì, àgbà ìyàwó ilé, ti da erèé sínú omi. Kàmọ́rù dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Hábíbà, dìde, lọ bá wọn bó erèé. Ọmọ ọmọ ìyá mi ni ẹ́."

"Hábíbà ní ìdánwò láàárọ̀ yìí," mo wí.

"Mo gbọ́, Ìyá. A ó pè wọ́n nílé ìwé. Wọ́n á sún un fún un tí wọ́n bá gbọ́ pé òfò ló ṣẹ̀ wá."

Ẹ gbà mí. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀ọ̀dẹ̀ kan náà. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo.

"Kàmọ́rù! Ṣé o mọ ìdí tí ìyá rẹ kì í fi í jẹ àkàrà?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Wọ́n ní kì í bá wọn lára mu."

"Irọ́ ló pa fún ọ! Ó pa irọ́ fún ọ kí o má baà kórìíra àwọn bàbá àgbà rẹ. Èmi ò ní pa irọ́ fún ọ." Níbẹ̀, níwájú òkú rẹ̀, mo sọ ọ́ fún gbogbo ilé: yunifọ́ọ̀mù tó bọ́, erèé tó lọ, omijé tó bọ́ sínú ọlọ, Òkè-Àdó tí wọ́n lọ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta. "Bàbá Búsàrí ní òkú kò ṣeé sún, ìdánwò ṣeé sún. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ìwọ ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àkàrà tí Àbẹ̀kẹ́ kò jẹ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ fẹ́ fi yẹ́ ẹ sí, ọmọ tó torí rẹ̀ lọ aṣọ lánàá lẹ sì fẹ́ kó dín in!"

Ìyá Ràṣídì ló kọ́kọ́ fèsì. "Ó dáa, a gbọ́. Ta ni yóò wá dín in? Òkú àgbà kò ní lọ láìsí àkàrà."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú orúnkún yín yìí?"

"Orúnkún kọ́ ni wọ́n fi ń dín àkàrà. Gbé ìpọn fún mi."

Hábíbà ni kò fẹ́ lọ. Ó di ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ mú. "Ìyá, tí mo bá lọ, mi ò ní bá wọn nílẹ̀ mọ́." Òótọ́ ló sọ, àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀. N kò parọ́ fún òun náà. Mo ní, "O ò ní bá a. Ìgbà tó ń gbọ́ ọ lo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa tí a kù níbí, ojú ayé la ń ṣe. Lọ wọ aṣọ tó lọ̀ fún ọ." Mo bọ́jú fún un bí ọmọ ọwọ́.

Kàmọ́rù ń wo aṣọ funfun ara ìṣó. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án, Dádì."

Ó sáré jáde lọ pe ọlọ́kadà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi wọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ, bàbá ló jókòó sẹ́yìn, ó di ọmọ rẹ̀ mú láàárín. Inú mi kò rọ̀. Ẹ má rò pé inú mi rọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnì kan bi Àbẹ̀kẹ́ ní ayé ọjọ́un, orí òkú Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti wá bi í. Mo padà sídìí iná, mo dá àkàrà sépo, mo gbé e fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pín in. Èmi náà kò jẹ níbẹ̀.

Kàmọ́rù padà wá nígbà tí a fẹ́ wẹ ìyá rẹ̀, ó bu omi fún àwa obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà ọjọ́ náà, a sin Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́ Òpó sí àgbàlá ilé wa ní Bẹyẹrunka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Hábíbà kò sí níbẹ̀. Ó ń ṣe ìdánwò.